Akoto Tí Pettway Yá

Wọ́n ní kí Ardith Mabry jókòó, kò jókòó. Ó dúró gbagidi níwájú tábìlì Jolene Esparza, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, omi òjò sì ń kán láti etí fìlà rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì.

"Mama, tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì lẹ wá gbà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fún èèyàn," Jolene wí. Kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń wo eré yìí látòkè, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ Cortland Bivens ni mo bá wá. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé pé òun ló sá àádọ́rùn-ún yáàdì nínú òjò lọ́dún 1969."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Gbogbo ayé ò mọ nǹkan kan. Lemuel Pettway ló sá a. Èmi ni mo sọ ọ́ di Bivens."

Ìgbà náà ni Jolene tó gbójú sókè.

Jolene ló ń darí ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Eré Àṣàyàn Gulf lọ́dún náà. Ní oṣù kìíní ọdọọdún, wọ́n á ṣa àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ń jáde ní yunifásítì káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n á pín wọn sí Àríwá àti Gúúsù, wọ́n á kó wọn jọ sí ìlú Mobile ní Alabama fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ní ọ̀sán Sátidé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, olúkúlùkù á ti gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nìyẹn. Ọdún náà ló pé àádọ́ta ọdún tí gbogbo orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ rí eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère, Jolene sì ti ṣètò láti sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn òǹwòran nígbà tí wọ́n bá sinmi láàárín eré. Eré sísá Bivens ni olórí ìtàn náà.

Tí a bá ń gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ agbábọ́ọ̀lù wàràwàrà lórí tẹlifíṣọ̀n, a ó rò pé ojú ọ̀gbẹ́ni náà mú bíi ti àṣá. Irọ́ gbuu ni. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kámẹ́rà kì í yà, atọ́ka ni wọ́n ń pè é. Pátákó kan á wà níwájú àwọn méjèèjì, káàdì tí wọ́n kọ orúkọ sí á sì wà lára rẹ̀. Bí atọ́ka bá ti rí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, á na ìka sí káàdì onítọ̀hún, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á sì ké orúkọ náà. Ìka ló ń sọ̀rọ̀ gan-an; ẹnu kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Lọ́dún 1969, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ardith, atẹ̀wé ló sì jẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Mobile tó gbé eré náà jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Atọ́ka tí wọ́n háyà mutí yó láàárọ̀ ọjọ́ eré, kò lè dá ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Ni Hollis Grantham, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àgbà, bá ké sí Ardith pé, "Ìwọ lo tẹ gbogbo káàdì yìí, àbí? Wá jókòó." Bí obìnrin kan ṣe gun òkè pápá nìyẹn, tó jókòó sí àga tí obìnrin kankan ò jókòó sí rí ní etíkun Gulf. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí jẹun.

Ìṣòro kan wà. Nọ́ńbà tí agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ ní iléèwé rẹ̀ ló máa ń wọ̀ wá síbí, nítorí náà ẹni méjì ló wọ méjìlélógún nínú ẹgbẹ́ Gúúsù. Aṣọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, ara wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n àṣà eré àṣàyàn ni pé olúkúlùkù á dé akoto iléèwé tirẹ̀. Akoto Bivens aláwọ̀ wúrà, torí yunifásítì ńlá ló ti wá. Ti Pettway jẹ́ búráwùn ṣákálá, kò ní àmì kankan, ó wá láti iléèwé kékeré kan ní ìgbèríko Alabama. Nítorí náà, orí ni Ardith ń wò, kò wo àyà. Wúrà ni Bivens, búráwùn ni Pettway. Ó sì ṣe é láìṣìnà kan títí di ìdá kẹta nínú ìdá mẹ́rin eré náà.

Òjò dé, pápá di ẹrẹ̀. Àríwá ju bọ́ọ̀lù, ọkùnrin kan tó dé akoto wúrà já a gbà nítòsí òpin pápá Gúúsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ó gba iwájú bẹ́ńṣì Gúúsù kọjá, ó sá, ó sá, ó gbé e dé òpin pápá lódìkejì. Ìka Ardith ti wà lórí káàdì Bivens láti yáàdì kẹwàá. "Bivens!" ni Grantham ń ké. "Cortland Bivens!" Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án èèyàn ló gbọ́ ọ.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Jolene béèrè. Ó ti pa kọ̀ǹpútà dé.

"Akoto Pettway ti sán nígbà tí wọ́n forí gbárí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni iléèwé rẹ̀ fi ránṣẹ́. Bivens ti fẹsẹ̀ rọ́ ṣáájú, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó bá yá a ní tiẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ wá mọ̀?"

Ibi tó ń dun Ardith nìyẹn, kò sì sá fún un. "Nígbà tí wọ́n pe Bivens láti wá gba ife ẹni tó ta yọ. Wọ́n gbé àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta kalẹ̀ fún un, kò lè gùn ún. Èèyàn méjì ló gbé e gòkè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá àádọ́rùn-ún yáàdì! Mo wo pápá, mo rí Pettway tó ń gbé akoto wúrà bọ̀ lọ́wọ́. Mo sọ fún Grantham nígbà tí ìpolówó ń lọ. Ó fọwọ́ bo ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ó ní, 'Ardith, ẹyin lohùn. Èyí ti fọ́. Tó o bá lanu, o ò tún ní jókòó síbí mọ́.' Mo bá panu mọ́."

"Àwọn kóòṣì ńkọ́? Àwọn agbábọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n wí. Lóṣù yẹn gan-an làwọn ẹgbẹ́ ńlá ń yan àwọn tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Wọ́n yan Bivens. Wọn ò yan Pettway. Ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì."

Jolene mí kanlẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Míìsì Ardith, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ìgbàgbọ́ mi ò lè lọ sórí afẹ́fẹ́. Ohùn Grantham nìkan ló wà lọ́wọ́ wa, Bivens ló sì ń wí. Téèpù àwòrán ò sí mọ́. Wọ́n ti gba ètò ìdáná sórí ẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo tẹ ìwé tó ní kí wọ́n pa á rẹ́. Gbogbo téèpù ni wọ́n ń pa rẹ́ nígbà yẹn, torí ó wọ́n."

"Ẹ bá mi wá àwòrán. Kó dé ọwọ́ mi kí agogo méjìlá ọ̀sán Fráìdè tó lù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Bivens ni mo máa gbé jáde."

Ọjọ́ Túsìdeè nìyẹn. Ardith wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì jókòó nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó ṣíná sí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ti lọ ní àádọ́ta, òótọ́ ò sì tíì jáde nílé. Ó pinnu pé òun ni yóò lọ fà á jáde lápá.

* * *

Ilé Lemuel Pettway wà ní Prichard. Láti ẹnu ọ̀nà Ardith dé ibẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọ̀sán Wẹ́sídeè ló kan ilẹ̀kùn, Delphine, ọmọ Pettway obìnrin, ló sì ṣí i. Ó mú Ardith wọ pálọ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú abọ́ ẹ̀pà sísè lórí itan, tó ń wo bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn èèyàn ń pariwo nínú àwòrán náà, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò jáde.

"Ardith Mabry lorúkọ mi, sà. Lọ́dún 1969, èmi ni mo jókòó ti Hollis Grantham. Èmi ni mo nàka sí Bivens."

Pettway bó ẹ̀pà kan, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán. "Ìka wo?"

Ardith na ìka ọ̀tún rẹ̀ síta. Àwọn oríkèé rẹ̀ ti wú nítorí làkúrègbé. Pettway tẹjú mọ́ ọn.

"Kékeré báyìí," ó wí. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé nǹkan ńlá ló ṣe mí."

 Ardith fi ìka náà pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Kí eré tó parí."

"Kí eré tó parí." Pettway yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni tó kan òkúta nínú ẹ̀wà. "Mi ò bá Bivens jà. Orí tiẹ̀ ni akoto yẹn ti wá, ó bọ́ ọ fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú, ó sunkún sí mi létí bí ọmọdé, ó ní kóòṣì òun ló ní kí òun dákẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n dí ọ̀nà Prichard ni? Odò ló gbé afárá lọ fún àádọ́ta ọdún?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ti kí ni?"

"Kí wọ́n má lé mi kúrò lórí àga yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo tún fi jókòó lé e."

"Ó dáa náà. Àga dùn ún jókòó." Ó nawọ́ abọ́ ẹ̀pà sí i. "Ẹ mú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kò sí májèlé níbẹ̀."

Ardith mú ẹyọ kan. Kò lè jẹ ẹ́. "Mo fẹ́ kí wọ́n dárúkọ yín lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a. Èmi ò ní gbọ́."

Ó yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ti dúró díẹ̀. Obìnrin kan ló ń bu kọfí sínú ife lórí tẹlifíṣọ̀n, èéfín ń rú, ó ń rẹ́rìn-ín láìsọ̀rọ̀.

Delphine sin Ardith dé ìdí mọ́tò. "Ẹ má bínú sí Dádì, mà. Tó bá ti jẹ́ bọ́ọ̀lù, wọn kì í jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ nílé wa. Láti kékeré mi ni. Wọ́n ní àwọn lójú, àwọn ò nílò kí ẹnì kankan sọ ohun tí àwọn ń rí fún àwọn."

"Ṣé wọ́n sọ fún yín pé àwọn ló sá eré yẹn?"

Delphine wo ilẹ̀. "Wọ́n sọ. Mo wá lọ wí i níléèwé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Tíṣà mú ìwé wá, ó ka orúkọ Bivens síta, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo bi Dádì léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń purọ́. Wọ́n kàn wò mí ni. Wọn ò tún dárúkọ eré yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà."

Ardith wa mọ́tò títí dé ẹ̀gbẹ́ afárá, ó sì sunkún níbẹ̀ dáadáa, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè fi ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe. Nígbà tó nu ojú tán, ohun tó kù sí i lójú ni obìnrin oníkọfí yẹn, pẹ̀lú ife, pẹ̀lú èéfín. Ó na ọwọ́ láti ṣíná, ọwọ́ náà sì dúró lórí kọ́kọ́rọ́.

Kọfí!

Ilé iṣẹ́ kọfí Tarleton ló gba ìpolówó eré náà lọ́dún 1969, Ọ̀gbẹ́ni Tarleton àgbà sì jẹ́ onífura èèyàn. Kò gbà pé wọ́n ń gbé ìpolówó òun jáde àfi tó bá fojú ara rẹ̀ rí i. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ìpolówó kọfí bá fẹ́ wọlé, ẹnì kan á ti ṣíná sí ẹ̀rọ fíìmù tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, kó má baà pẹ́ jù. Wọ́n á fọ fíìmù náà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ta ló ń tẹ lẹ́tà tó ń bá a lọ? Ardith Mabry ni. Kí ni wọ́n sì gbé wọlé kété tí ọkùnrin alákoto wúrà gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá? Kọfí Tarleton ni. Eré sísá náà á wà nínú ìṣẹ́jú kan yẹn! Ó pariwo "Olúwa o!" nínú mọ́tò, àwọn tó ń kọjá lórí afárá sì yíjú wò ó.

* * *

Tarleton ti kógbá wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kó ìwé àti ẹrù ilé iṣẹ́ náà fún ilé àkójọ ìtàn ìlú. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, Ardith ti wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Quarles, tó ń tọ́jú ibẹ̀, rí i, ó sì mọ irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù 1969 ni, àbí? Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin o. Ẹ jọ̀wọ́, mo ti sọ fún àwọn yòókù: kò sí bọ́ọ̀lù níbí."

"Ta ló bá yín sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù? Kọfí ni mo wá."

Quarles lajú sílẹ̀. "Kọfí?"

"Ìpolówó Tarleton. Oṣù kìíní, 1969. Agolo fíìmù pẹlẹbẹ ni, fàdákà. Ẹ má kàn dúró, ọ̀la ni ọjọ́ pé."

"Ẹ ò ní jẹ́ kí n bọ́ kóòtù ni?"

"Ẹ wọ̀ ọ́ síbẹ̀, òtútù máa ń mú nínú ilé ẹrù."

Àpótí mọ́kànlélógójì ni. Ọ̀gbẹ́ni Quarles ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀, Ardith ń tú wọn. Ọ̀sán pọ́n, Quarles gbé búrẹ́dì àti edé díndín wá, Ardith fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́, ó ń fi èkejì tú àpótí. Àwọn lẹ́bẹ́ẹ̀lì tó ń rí ò ju "Ìyàwó Ilé àti Ife" tàbí "Kọfí Àárọ̀, Ìṣẹ́jú Kan" lọ. Abájọ tí ẹni mẹ́ta fi wá tí wọn ò rí nǹkan: orúkọ eré ni wọ́n ń wá, orúkọ ìpolówó ni Tarleton sì kọ sára agolo. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ni Ardith fa lẹ́tà kan yọ tó lẹ̀ mọ́ ìdérí agolo. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, lápá òsì, lẹ́tà kékeré méjì wà bí àwọn atẹ̀wé ṣe máa ń ṣe nígbà náà: a àti m. Orúkọ ara rẹ̀ ni. Ó gbé agolo náà fún Quarles.

Quarles ta fíìmù náà mọ́ tábìlì ìwòran, ó ń fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Òjò. Ẹrẹ̀. Ọkùnrin alákoto wúrà gba bọ́ọ̀lù, ó yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ó dé iwájú bẹ́ńṣì Gúúsù.

"Dúró!" Ardith kígbe. "Dá a dúró níbẹ̀!"

Quarles dá a dúró. Ẹni tó ń sáré wà láàárín àwòrán, méjìlélógún gàdàgbà láyà rẹ̀, akoto wúrà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí bẹ́ńṣì, ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo ayọ̀. Orí rẹ̀ wà ní ìhòòhò nínú òjò. Méjìlélógún ló wà láyà òun náà.

"Méjì ni wọ́n," Quarles wí jẹ́jẹ́.

"Méjì ni wọ́n," Ardith dáhùn. "Ẹni tó yá èèyàn ní akoto lẹ ń wò yẹn. Ẹ wo bó ṣe ń yọ̀ fún un."

* * *

Agogo mọ́kànlá ọjọ́ Fráìdè ni àwòrán náà dé iwájú Jolene. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nígbà kẹrin ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Míìsì Ardith, ẹ pa mí o. Gbogbo ohun tí mo kọ ni mo máa tún kọ."

"Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nígbà náà. Kí lo fẹ́ wí?"

Jolene ronú. "A ó fi àwòrán hàn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á wá sọ pé, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ nígbà náà, Pettway gan-an ló—"

"Rárá."

"Kí ni rárá?"

"Àṣìṣe kì í dá ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ló ń ṣe é. Èmi ni mo ṣe é, mo mọ̀, mo sì panu mọ́. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ìka tó nà sí Bivens ni kó nà sí Pettway. Gbé mi jókòó ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ, kó o gbé pátákó fún mi."

"Mama, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó. Lockridge, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, lóhùn dáadáa, yóò sọ ọ́ kó dùn létí."

"Etí ta ni?" Ardith fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ọkùnrin yẹn ti ń wo bọ́ọ̀lù láìgbọ́ ohùn láti àádọ́ta ọdún, nítorí ohun tí èmi àti Grantham ṣe. Tí Lockridge yín bá sọ̀rọ̀ títí tí ọ̀fun fi gbẹ ẹ́, kò ní gbọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló ṣí sí wa. Kí kámẹ́rà kúrò lójú Lockridge, kó wá wo ìka mi lórí orúkọ rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Ẹ lè yọ ojú mi, kò dùn ún wò mọ́. Ìka yẹn ni kẹ́ ẹ gbé jáde."

 Kò sí ẹni tó tíì gbé kámẹ́rà wo atọ́ka rí nínú gbogbo iṣẹ́ tí Jolene ti ṣe. "Ogójì ìṣẹ́jú àáyá," ó wí.

"Ogún tó."

Ardith délé, ó tẹ Delphine láago. "Sọ fún bàbá rẹ pé kí wọ́n wo eré lọ́la nígbà ìsinmi. Mi ò ní kí wọ́n gbọ́ ọ. Kí wọ́n kàn wò ó."

"Màá sọ, mà. Àmọ́ ẹ mọ̀ wọ́n."

* * *

Àga òkè pápá ti yàtọ̀. Ó rọ̀, ó ń yí, tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà ló sì yí i ká. Ṣùgbọ́n pátákó ṣì ni pátákó. Ardith ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì méjèèjì, ó kọ wọ́n ní lẹ́tà ńlá, BIVENS 22, PETTWAY 22, ó sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Trey Lockridge, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìsinsìnyí, jẹ́ ọmọlúàbí. "Mama, tí ẹ bá ti ṣetán, ẹ kàn mi orí."

"Ó ti pé àádọ́ta ọdún tí mo ti ṣetán. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

Wọ́n fi fíìmù kọfí hàn. Wọ́n dá a dúró ní ibi tí méjìlélógún méjì ti wà nínú àwòrán kan. Lockridge sọ orúkọ Ardith, ó sọ iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà, ó sọ pé ó mọ̀ kí eré tó parí, tó sì dákẹ́. Kò fi oyin sí i, torí Ardith ti kìlọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, kámẹ́rà sún mọ́ pátákó.

 Ardith kọ́kọ́ gbé ìka lé káàdì Bivens, ibi tó ti wà láti ọdún 1969. Lẹ́yìn náà ó fà á kúrò níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí kò gbọ́ ohùn lè rí i, ó sì gbé e lé PETTWAY, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Ogún ìṣẹ́jú àáyá kọjá. Kò gbé e kúrò. Jolene ń pariwo sí wọn létí láti inú mọ́tò ìṣàkóso pé ó tó, ó tó, ìpolówó ti fẹ́ wọlé. Ardith ò gbé ìka kúrò títí iná pupa orí kámẹ́rà fi kú.

Ó wá fara ti àga. Ojú rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdá kẹta, àwọn ọmọ Gúúsù ń sáré wọ pápá, akoto oríṣiríṣi lórí wọn, nígbà tí fóònù dún nínú báàgì rẹ̀. Delphine ni.

"Míìsì Ardith."

"Ṣé wọ́n wò ó?"

"Wọ́n wò ó. Wọ́n dìde dúró. Wọ́n lọ fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n níbi tí ìka yín wà."

"Wọ́n sọ nǹkan kan?"

 Ariwo kan gba inú fóònù wọlé, ó le débi pé Ardith gbé e jìnnà sétí.

"Ẹ má bínú, mà," Delphine ń kígbe. "Dádì ni. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n gbé ohùn rẹ̀ sókè tán pátápátá!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ardith, Lockridge sún mọ́ ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ó ń kí àwọn òǹwòran káàbọ̀ sí pápá tí Lemuel Pettway ti sá àádọ́rùn-ún yáàdì. Ardith gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó tún gbọ́ orúkọ náà nínú fóònù, láti pálọ̀ kan ní Prichard, tí ohùn náà sì ń mi ilé.